Jàǹbá Kan, Ọkọ̀ Méjì, Wọ́n San Owó Ọ̀kan: Àlàyé Ìnṣọ́ránsì fún Àwọn Onítóòwì

Corolla kan já bọ́ lẹ́nu ìkọ́ ọkọ̀ tóòwì tó ń wọ́ ọ lọ, nítòsí Odò Ọbà, lójú ọ̀nà Ọ̀yọ́ sí Ògbómọ̀ṣọ́. Ó ṣojú mi. Inú bọ́ọ̀sì tó tẹ̀ lé wọn ni mo wà. Òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ dá, omi kún gbogbo kòtò débi pé èèyàn ò mọ èyí tó jìn nínú wọn. Táyà iwájú ọkọ̀ tóòwì náà wọ ọ̀kan, ṣéènì apá ọ̀tún já, imú Corolla sì lu títì gbàà. Ó yí bírí, ó fi ìdí gbá Micra kan tó ń bọ̀ láti Ògbómọ̀ṣọ́. Ọlọ́run yọ wá, ẹnikẹ́ni ò kú. Ilẹ̀kùn Micra wọnú. Corolla ní tirẹ̀, bọ́ḿpà, rédíétọ̀ àti gíábọ́ọ̀sì ló bá a lọ.

Bàbá tó ni ọkọ̀ tóòwì náà sọ̀ kalẹ̀, ó fa ìwé kan yọ láti inú ọ̀rá, ó gbé e sókè kí gbogbo wa lè rí i. "Ẹ fọkàn balẹ̀, mo ní ìnṣọ́ránsì."

Òótọ́ ni bàbá sọ, ìwé náà kì í ṣe ayédèrú. Ìgbà tí a tún pàdé ní Tákíé lẹ́yìn oṣù díẹ̀, iléeṣẹ́ ìnṣọ́ránsì ti tún Micra ṣe, wọ́n ní ti Corolla ò kan àwọn. Bàbá ti gbọ́ pé mo ṣe iṣẹ́ alárinà ìnṣọ́ránsì rí. Ó fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan: "Ọmọ mi, ìwé kan náà, jàǹbá kan náà. Kí ló dé tí wọ́n san ti Micra, tí wọn ò san ti Corolla?"

Ìbéèrè yẹn ni mo fẹ́ dáhùn, nítorí bàbá nìkan kọ́ ló ń bi í. Láti ọjọ́ kìíní oṣù Kejì ọdún 2025 tí ọlọ́pàá ti ní àwọn á máa bèèrè ìwé tẹ́ẹ̀dì pátì lójú títì, ọ̀pọ̀ onítóòwì tí mo mọ̀, láti Owódé ní Ọ̀yọ́ títí dé Sábó ní Ògbómọ̀ṣọ́, ló ti sáré rà á. Wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ gíláàsì, ọkàn wọn sì balẹ̀. Kò tíì yẹ kó balẹ̀.

Ta ni ẹni kẹta tí wọ́n ń pè ní tẹ́ẹ̀dì pátì?

Ìnṣọ́ránsì, tí àwọn oníròyìn ń pè ní adójútòfò, ní oríṣi méjì tó yẹ ká kọ́kọ́ yà sọ́tọ̀. Oríṣi kan ń san owó ohun ìní yín tó bá bàjẹ́. Oríṣi kejì ń bá yín san gbèsè tí ẹ̀bi yín bá dá sí yín lọ́rùn, ìyẹn nígbà tí ẹ bá ba ohun ẹlòmíì jẹ́ tàbí tí ẹ ṣe èèyàn léṣe, tí òfin sì ní kẹ́ ẹ san án. Oríṣi kejì yìí ni mò ń pè ní ìnṣọ́ránsì ẹ̀bi, òun ni gbogbo ọ̀rọ̀ òní dá lé lórí.

Nínú àdéhùn yìí, ẹ̀yin tí ẹ rà á ni ẹni kìíní, iléeṣẹ́ ni ẹni kejì, ẹni tí jàǹbá yín bá kàn ni ẹni kẹta. Ìdí nìyẹn tí ìwé tẹ́ẹ̀dì pátì kì í fi í tún ọkọ̀ tiyín ṣe. Kò fìgbà kan ṣèlérí rẹ̀.

Ẹ wo aláàrù inú ọjà

Ká ní ẹ lọ sọ́jà, ẹ ra kíréètì ẹyin márùn-ún, ẹ pe aláàrù, ẹ gbé e rù ú. Bó ṣe ń yà lára èèyàn lọ, ó fẹsẹ̀ tẹ tòmátì ìyá kan tó pàtẹ sílẹ̀. Ìyá yẹn ò mọ̀ ọ́n rí, wọn ò jọ ná ọjà kankan. Ẹni kẹta nìyẹn.

Ó rìn síwájú díẹ̀, ó kọsẹ̀, kíréètì já, ẹyin fọ́ yángá. Ẹyin ta ni? Ẹyin yín ni. Àmọ́ ẹ̀yin kì í ṣe ìyá onítòmátì. Ẹ̀yin lẹ pè é, ẹ̀yin lẹ fọwọ́ ara yín gbé ẹrù lé e lórí, ẹ̀yin náà lẹ sì fẹ́ san owó ọ̀yà rẹ̀. Ìkáwọ́ rẹ̀ ni ẹyin wà nígbà tó fọ́. Ẹjọ́ yìí kì í ṣe ẹgbẹ́ ẹjọ́ tòmátì rárá.

Tí òjò bá dé, tí ẹ ní kó bá yín gbé ẹrù náà sí àtíbàbà rẹ̀ di àárọ̀, tí olè wá gbé e lóru, ẹjọ́ kẹta nìyẹn. Tí ọmọkùnrin tó ń bá a ṣiṣẹ́ bá fi ọrùn rọ́ lábẹ́ ẹrù, ẹjọ́ kẹrin ni.

Aláàrù ọkọ̀ ni onítóòwì. Ẹjọ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló ń bá a rìn lójoojúmọ́, ìwé tó lẹ̀ mọ́ gíláàsì sì mọ ẹjọ́ ìyá onítòmátì nìkan.

Mélòó ni tẹ́ẹ̀dì pátì ń san?

Òfin tó sọ tẹ́ẹ̀dì pátì di dandan ti wà láti 1945, ayé òyìnbó amúnisìn. Òfin ìnṣọ́ránsì ti 2003 tún fẹsẹ̀ rẹ̀ múlẹ̀, kí òfin tuntun tí Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú buwọ́ lù lọ́dún 2025 tó wá gba ipò ti 2003. Iye owó tí gbogbo wa ń san báyìí, NAICOM, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń mójú tó ìnṣọ́ránsì, ló gbé e jáde. Ọjọ́ kìíní oṣù Kìíní 2023 ló bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ọkọ̀ ara ẹni ń san ₦15,000 lọ́dún, iléeṣẹ́ á sì san tó ₦3,000,000 lórí dúkìá ẹni kẹta. Ọkọ̀ ẹrù tó ń gbé ẹrù ara rẹ̀ ń san ₦20,000. Ọkọ̀ akẹ́rù tó ń gbẹ́rù gba owó ń san ₦100,000. Àwọn méjèèjì yìí, ₦5,000,000 ni òpin tiwọn. Àwọn ọkọ̀ iṣẹ́ àkànṣe náà ní ipò tiwọn, ₦20,000, òpin rẹ̀ ₦3,000,000. Ti dúkìá ni gbogbo òpin tí mo kà yẹn. Ti ẹni tó farapa tàbí tó kú wà lọ́tọ̀ nínú ìwé kan náà.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣe ara wọn níbi nìyí: wọ́n ń ra ti ₦15,000 fún ọkọ̀ tóòwì, torí òun ló rọrùn. Ó lè kọjá lọ́wọ́ ọlọ́pàá. Lọ́jọ́ jàǹbá, ohun àkọ́kọ́ tí iléeṣẹ́ máa wò ni iṣẹ́ tí ẹ sọ pé ẹ ń fi ọkọ̀ náà ṣe. Tí ìwé bá ní ọkọ̀ ara ẹni ni, tó sì jẹ́ pé ọkọ̀ olówó lẹ gbé kọ́, ẹ ti fún wọn ní ìdí láti má ṣe san. Torí náà, ẹ bi wọ́n ní kàńtà: "Ipò wo lẹ kọ ọkọ̀ mi sí? Ṣé ẹ kọ ọ́ síbẹ̀ pé mò ń wọ́ ọkọ̀ fún owó?" Kí wọ́n fi hàn yín lójú ìwé, kí ẹ má gba ti ẹnu.

Kí ló dé tí ti Corolla ò sí níbẹ̀?

Ẹ ṣí ìwé àdéhùn, èyí tó nípọn o, kì í ṣe sátífíkéètì tí ẹ lẹ̀ mọ́ gíláàsì. Ẹ wá ibi tí wọ́n to àwọn ohun tí wọn ò ní san sí. Ẹ máa rí i níbẹ̀ pé wọn ò ní san owó dúkìá tó jẹ́ ti ẹ̀yin tí ẹ ra ìwé, tàbí èyí tó wà ní ìkáwọ́ yín, tàbí èyí tí wọ́n fi sí yín lọ́wọ́ láti tọ́jú. Nígbà tí Corolla yẹn ṣì dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, dúkìá ẹni kẹta ni. Ká ní bàbá fi ẹ̀yìn ọkọ̀ kọ lù ú níbẹ̀, wọn ì bá san án. Gẹ́rẹ́ tí ìkọ́ gbé e, ó ti bọ́ sí ìkáwọ́ bàbá.

Ọ̀pọ̀ ìwé tún gbà yín láàyè láti fa ọkọ̀ kan tó bàjẹ́, kó ṣáà jẹ́ àánú lẹ ṣe, kì í ṣe fún owó. Nínú àánú yẹn pàápàá, wọn kì í san owó ọkọ̀ tí ẹ ń fà.

Òfin ní tirẹ̀ ò yọ onítóòwì sílẹ̀. Ẹni tó bá gba ohun ẹlòmíì sọ́wọ́, tó sì ń gba owó lórí rẹ̀, gbọ́dọ̀ tọ́jú rẹ̀ bí ẹni tó mọ iṣẹ́ náà dunjú ṣe máa tọ́jú rẹ̀. Tó bá bàjẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, òun ló máa ṣàlàyé bó ṣe bàjẹ́, tó sì máa fi hàn pé kì í ṣe àìbìkítà òun ló fà á. "Ṣéènì ló já" kì í ṣe àlàyé. Wọ́n á bi yín pé ìgbà wo lẹ wò ó gbẹ̀yìn.

Mo wo ṣéènì yẹn lọ́jọ́ náà. Òrùka kan nínú rẹ̀ ló ṣí sílẹ̀ bí ẹnu ẹni tó ń yán. Ní ojú ibi tó ti já, ìpẹtà pupa ló gba gbogbo rẹ̀, àfi ibì kan tó ń dán yinrin, tí kò ju èékánná ọmọ ọwọ́ lọ. Ibi tó ń dán yẹn nìkan ló já lọ́jọ́ náà. Ìyókù ti sán tipẹ́, omi sì ti ń wọ ọ́ láti ìgbà náà. Ẹni tí iléeṣẹ́ bá rán wá wo jàǹbá mọ ìyàtọ̀ yìí, lọ́yà oníbàárà yín náà yóò mọ̀ ọ́n.

Nígbà tí ọkọ̀ dúró, tí wíǹṣì ń ṣiṣẹ́

Àwọn tó ní ọkọ̀ ńlá, tó ń fa tírélà àti táńkà jáde nínú kòtò, ló ni abala yìí jù.

Ìwé ọkọ̀, ti ọkọ̀ tó ń rìn lójú títì ni. Tí ẹ bá páàkì, tí ẹ na wáyà wíǹṣì, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń ká wáyà láti fi fa ẹrù, tí ẹ ń fa tírélà tó ṣubú, ọ̀pọ̀ ìwé máa sọ pé lákòókò yẹn kì í ṣe ọkọ̀ mọ́, irinṣẹ́ ni, àwọn ò sì sanwó ohun tí irinṣẹ́ bá bà jẹ́. Ẹ sì mọ bí nǹkan ṣe rí nílẹ̀ wa. Tírélà ò ní tíì fìdí kalẹ̀ tí ogunlọ́gọ̀ fi máa yí i ká, àwọn ọmọ iléèwé, àwọn ọlọ́kadà, ẹlẹ́mu tó gbé agbè dúró. Wáyà tó le pọ́n-ún bẹ́ẹ̀, tó bá já, kì í jábọ́ sílẹ̀. Ó máa ń fò padà bíi pàṣán, ẹsẹ̀ ẹni tó wà lọ́nà rẹ̀ lè lọ. Ìyá ọmọ tó bá farapa níbẹ̀ ò ní bèèrè bóyá ọkọ̀ ń rìn tàbí ó dúró.

Ìwé tó ń gbọ́ irú ẹjọ́ yìí ni èyí tí wọ́n ń pè ní Public Liability. Òun ló ń bá yín san gbèsè ẹ̀bi tó bá ṣẹlẹ̀ sí ará ìlú lẹ́nu iṣẹ́ yín, yàtọ̀ sí ti ọkọ̀ tó ń rìn. Kẹ́ ẹ tó ra ìwé náà, àti lẹ́yìn tí ẹ bá ti rà á, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín, ẹ máa lé èrò sẹ́yìn kí wáyà tó le.

Ìwé wo wá ló ń san owó ọkọ̀ tó wà lẹ́nu ìkọ́?

Ní Amẹ́ríkà, wọ́n ní èyí tí wọ́n dìídì ṣe fún un, on-hook ni wọ́n ń pè é. Ti ọkọ̀ tó sùn ní yáàdì onítóòwì tún wà lọ́tọ̀, garagekeepers. Níbí, ìwé tí ẹ máa bèèrè ni Goods in Transit, ìyẹn ìnṣọ́ránsì ẹrù tó ń rìnrìn àjò. Àmọ́ ìwé ẹrù lásán ò tó. Ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé ọkọ̀ àwọn oníbàárà ni ẹrù tí ẹ ń gbé, pé ẹ̀ ń gbé e kọ́ tàbí ẹ̀ ń gbé e lé ẹ̀yìn ọkọ̀ pẹrẹsẹ, àti pé láti ìgbà tí ẹ bá ti ń gbé e sókè títí ẹ ó fi sọ̀ ọ́ kalẹ̀ ni ìwé ti ń ṣiṣẹ́. Ìgbà gbígbé àti ìgbà sísọ̀ ni ọkọ̀ máa ń jábọ́ jù, ẹ̀yin náà mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Ẹ wo òpin rẹ̀ dáadáa. Tí òpin lórí ọkọ̀ kan bá jẹ́ ₦4,000,000, tí ẹ wá gbé jíìpù ₦12,000,000 kọ́, tó sì bàjẹ́ kọjá àtúnṣe, ₦8,000,000 tó kù wà lọ́rùn yín. Ọkọ̀ tó wọ́n jù nínú èyí tí ẹ sábà ń gbé ni kí ẹ fi díwọ̀n òpin náà, kì í ṣe èyí tó wọ́pọ̀ jù.

Ti yáàdì, ẹ bèèrè rẹ̀ lọ́tọ̀: iná, olè, àti ẹni tó máa fi ọkọ̀ kan gbá èkejì nígbà tó bá ń yọ ọ́. Ìrìn àjò ti parí ní tiwọn nígbà tí ọkọ̀ bá ti kanlẹ̀ ní yáàdì yín, ìwé ìrìn àjò náà sì parí níbẹ̀.

Àwọn ọmọ iṣẹ́ yín kì í ṣe ẹni kẹta. Òfin ọdún 2010 lórí òṣìṣẹ́ tó farapa ní kí agbanisíṣẹ́ máa san ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún àpapọ̀ owó oṣù tó ń san sí àpò NSITF, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń bójú tó owó náà, kí òṣìṣẹ́ tó bá farapa lẹ́nu iṣẹ́ lè rí ìtọ́jú àti owó gbà níbẹ̀. Ọmọkùnrin tó ń dùbúlẹ̀ lórí kọlitá láti so ṣéènì mọ́ abẹ́ ọkọ̀, òun ni ewu sún mọ́ jù nínú iṣẹ́ yìí. Ó ká mi lára pé òun ni a máa ń rántí kẹ́yìn.

Tí owó ò bá tó láti ra gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà ńkọ́? Tẹ́ẹ̀dì pátì, ìjọba ti sọ ọ́ di dandan, kò sí àríyànjiyàn níbẹ̀. Lójú tèmi, ti ọkọ̀ tó wà lẹ́nu ìkọ́ ló yẹ kó tẹ̀ lé e, kódà ṣáájú kọ́ḿpíríhẹ́ńsíìfù tó máa tún ọkọ̀ tiyín ṣe. NAICOM ti sọ láti 2023 pé kọ́ḿpíríhẹ́ńsíìfù ò gbọ́dọ̀ dín sí ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún iye ọkọ̀. Ọkọ̀ tóòwì ₦20,000,000, ó kéré tán ₦1,000,000 nìyẹn lọ́dún. Tí ọkọ̀ tiyín bá bàjẹ́ láìní ìwé, ìnira ni, ẹ lè gbé e sílẹ̀ títí owó á fi wọlé. Ẹni tí ẹ ba ọkọ̀ rẹ̀ jẹ́ ò ní dúró dè yín, ilé ẹjọ́ ló ń lọ.

"Oníbàárà mi ní kọ́ḿpíríhẹ́ńsíìfù, kò kàn mí"

Ó kàn yín. Iléeṣẹ́ tirẹ̀ á san owó fún un, lẹ́yìn náà, wọ́n á gba ẹ̀tọ́ rẹ̀ sọ́wọ́, wọ́n á wá bá yín pé ẹ̀yin lẹ jẹ̀bi, kẹ́ ẹ san án padà. Oníbàárà yín lè jẹ́ aládùúgbò tó máa gba ìpẹ̀, kó ní kẹ́ ẹ máa san án díẹ̀díẹ̀. Lọ́yà iléeṣẹ́ ìnṣọ́ránsì ò mọ bàbá yín.

Bákan náà ni ti pátákó tí wọ́n máa ń gbé kọ́ sẹ́nu yáàdì, pé ẹni tó bá gbé ọkọ̀ wá, ewu rẹ̀ wà lọ́wọ́ ara rẹ̀. Pátákó kì í fọ àìbìkítà tó hàn gbangba nù, pàápàá tí oníbàárà bá rí i lẹ́yìn tí ẹ ti gbé ọkọ̀ rẹ̀ wọlé tán.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀bẹ̀

Ibí yìí ni òfin ìnṣọ́ránsì àti àṣà wa ti ń forí gbárí, mo sì fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ gbọ́ ọ.

Tí a bá ṣẹ èèyàn, ìdọ̀bálẹ̀ ló kàn. "Ẹ jọ̀ọ́, èmi ni mo jẹ̀bi, ẹ forí jì mí, mo máa tún un ṣe." Ọmọ tí wọ́n tọ́ dáadáa ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ìwé ìnṣọ́ránsì ní kẹ́ ẹ má gba ẹ̀bi, kẹ́ ẹ má ṣèlérí owó, kẹ́ ẹ má sì san kọ́bọ̀, láìjẹ́ pé iléeṣẹ́ mọ̀ sí i. Bàbá onítóòwì yẹn fọwọ́ sí ìwé kan lójú títì lọ́jọ́ tí Corolla já bọ́ pé òun á ra gíábọ́ọ̀sì. Ká tiẹ̀ ní ó ní ìwé tó yẹ, ìfọwọ́síwèé yẹn ì bá dá ọ̀rọ̀ náà rú.

Ẹ lè kí èèyàn kú ewu láìgba ẹ̀bi. "Ẹ pẹ̀lẹ́ o. Ẹ kú ewu. Ọlọ́run á fi mọ bẹ́ẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n pe àwọn ìnṣọ́ránsì mi báyìí." Kò sí ìwọ̀sí nínú ìyẹn. Lẹ́yìn náà, ẹ ya fọ́tò ibi ìṣẹ̀lẹ̀ náà, ẹ gba nọ́ńbà àwọn tó ṣojú wọn, ẹ lọ sọ ọ́ ní àgọ́ ọlọ́pàá, kẹ́ ẹ sì kọ̀wé sí iléeṣẹ́ lọ́jọ́ náà gan-an tàbí ọjọ́ kejì.

Fọ́tò tó tiẹ̀ ṣe pàtàkì jù ni èyí tí ẹ máa yà kí ẹ tó gbé ọkọ̀ kọ́. Ẹ yí i po: iwájú, ẹ̀yìn, ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, inú. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tí ẹ ń gbé, wáyà ni wọ́n fi so bọ́ḿpà rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Láìsí fọ́tò, ẹ̀yin lẹ máa ra bọ́ḿpà tuntun.

Kí owó tó kúrò lọ́wọ́ yín

Ní Nàìjíríà, ẹni tí kò bá tíì sanwó ò tíì ní ìnṣọ́ránsì. Ìlérí pé "ẹ jẹ́ kó dìgbà tí mo bá ta màlúù" ò sí. Tí ẹ bá san tán, ẹ tẹ *565*11# lórí fóònù, ẹ fi nọ́ńbà ọkọ̀ wò ó bóyá ìwé náà wà lórí ẹ̀rọ. Ayédèrú pọ̀ lójú títì, pàápàá lọ́wọ́ àwọn tó ń tà á lábẹ́ agboòrùn. Kí orúkọ dírẹ́bà yín àti irú láísẹ́ǹsì rẹ̀ bá ohun tí ìwé ń fẹ́ mu. Ẹ má sì fi ọkọ̀ tí wọ́n ṣe fún ọkọ̀ kékeré fa tírélà, torí ẹrù tó bá ti kọjá agbára ọkọ̀ lè mú kí iléeṣẹ́ kọ̀ láti sanwó.

Bàbá ṣì ń san owó Corolla náà díẹ̀díẹ̀. Ó ti ra ṣéènì tuntun, ó ra ìwé ẹrù tó ń rìnrìn àjò, wọ́n sì kọ ọ́ sí i pé ọkọ̀ oníbàárà ló ń gbé. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó pè mí lórí fóònù ní alẹ́: "Ọmọ mi, ọkọ̀ mẹ́ta ló sùn sí yáàdì mi lónìí. Ṣé wọ́n wà nínú ìwé yẹn?" Mo ní kó ṣí i sí ibi tí wọ́n kọ ìgbà tí ìrìn àjò parí sí, kí ọmọ rẹ̀ kà á sí mi létí. Ó kà á. Wọn ò sí níbẹ̀. Àárọ̀ ọjọ́ Ajé la jọ lọ sí ọ́fíìsì wọn.